Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọjọ́ Ìbẹ̀wò Láàárín Ọmọ Àgbàtọ́ àti Òbí Tó Bí I

Ìlọrin ni mò ń gbé, lápá Tanke, mo sì ń gba ọmọ tọ́. Àwọn wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ló ń mú wọn wá pẹ̀lú ìwé ilé ẹjọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni òbí wọn ṣì wà láyé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Kwara náà ti sọ di òfin tirẹ̀, kò fẹ́ kí a ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí láìnídìí. Nítorí náà, àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá sọ pé rárá, ọmọ àti òbí gbọ́dọ̀ máa ríra. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ló ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. Kì í ṣe ti òbí, kì í sì í ṣe tiwa.

Nílẹ̀ Ìgbómìnà tí wọ́n ti bí mi, ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà, tí òbí á sì yà wá wò ó nígbà tó bá rọrùn fún un. Ti wẹ́fíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá òṣìṣẹ́ wọn jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí ọjọ́ àti aago, ibi tí wọn yóò ti pàdé, ẹni tó lè tẹ̀lé òbí wá, àti ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá yẹ kí òbí mọ ilé yín, ọ́fíìsì wẹ́fíà ni kí ẹ lò. Ẹ má sì fi ìbẹ̀wò jẹ ọmọ níyà. "O ò ní rí ìyá ẹ lọ́jọ́ Sátidé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu alágbàtọ́, bó ti wù kí ọmọ náà ya aláìgbọràn tó.

Ọmọ kékeré kò mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ fún un: "Tí a bá jẹun tán, a máa lọ rí ìyá rẹ." Ẹ lè sọ fún èyí tó ti gbọ́njú ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Ẹ má ṣèlérí pé wọn yóò mú un lọ sílé.

Bí ìyá bá dé, ẹ kí i dáadáa lójú ọmọ. "Ìyá Lágbájá, ẹ kú ìrìn o, ṣé ọ̀nà dáa?" Ẹni tó ti Òmù-Àrán wọkọ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ òun wà. Ẹ fún un ní omi tútù. Ọmọ ń wo ojú yín. Tí ẹ bá dijú mọ́ ìyá rẹ̀, òun náà kò ní mọ bóyá ó tọ́ kí inú òun dùn.

Kí ẹ wá fún wọn ní ohun tí wọn yóò jọ ṣe, torí kí òbí àti ọmọ máa wojú ara wọn lórí àga fún wákàtí méjì, ìdààmú ni. Irun dídì ló dára jù tí mo tíì rí. Ìyá kan wá pẹ̀lú ìyarun àti òwú nínú ọ̀rá, ó jókòó sórí àpótí, ọmọ jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọn ò sọ nǹkankan. Nígbà tí ìyá dé ẹ̀yìn etí, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ẹni tó gba pẹ́ńsù rẹ̀ ní ilé ìwé, eyín tó ń mì. Kò sí ìbéèrè kankan tí ìbá fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Àmọ́ kí ẹ sọ fún ìyá kó yan irun tó máa parí kí àkókò tó tó, bíi ṣùkú olówùú, kí ọmọ má baà lọ pẹ̀lú orí ìlàjì. Fún ọkùnrin, ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀, tàbí kí bàbá bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bí òbí ò bá lówó láti ra nǹkan wá, ẹ sọ fún un pé kò pọn dandan. Ìborùn ìyá tí ọmọ lè fi sùn sàn ju páálí bisikíìtì lọ. Fọ́tò ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ dé WhatsApp status ẹnikẹ́ni.

Ìgbà ìdágbére ni iṣẹ́ wà jù. Àṣà wa ni pé kí òbí dọ́gbọ́n lọ: wọ́n á rán ọmọ ní wàrà, kó tó dé, ìyá ti wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò di aṣọ ìyá rẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò tó ń bọ̀ dópin, kò ní lè ṣeré. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sọ fún àwọn méjèèjì. Kí òbí fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń lọ, kó sì sọ ọjọ́ tí wọn yóò tún ríra, bó bá dá a lójú. Ọmọ á sunkún. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹkún tí a sun lójú ìyá sàn ju èyí tí a sun lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Bí òbí ò bá wá, ẹ dúró dé àkókò tí ẹ ti fẹnu kò sí, ẹ máa lọ sílé. "Kò lè wá lónìí. Kì í ṣe nítorí ohun tí o ṣe." Ó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá mutí yó wá, tàbí tó ń halẹ̀, ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ pe wẹ́fíà. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù òbí náà ń ba òun, ẹ má fipá mú un lọ, ẹ jẹ́ kí wẹ́fíà gbọ́ kíákíá.

Lálẹ́, ọmọ lè tọ̀ sílé, kó jà, tàbí kó dákẹ́. Àwọn alágbàtọ́ kan á ní, "Ẹ ò rí i, ìbẹ̀wò yìí ń ba ọmọ jẹ́." Èmi ò gbà. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹnìkan tó sì tún fi í sílẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ má wádìí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní oúnjẹ gbígbóná, kó sì sùn ní àkókò tó máa ń sùn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé láìdájọ́: aago tí òbí dé, ohun tí wọ́n ṣe, bí ọmọ ṣe sùn. Tí ìyọnu náà bá ń le sí i lẹ́yìn ìbẹ̀wò bíi mélòó kan, ìwé yẹn ni ẹ ó gbé fún wẹ́fíà.

Nígbà tí ilé òbí bá ti ń dára, ẹ ní kí wọ́n máa fi kún ìbẹ̀wò díẹ̀díẹ̀: wákàtí méjì á di ọjọ́ kan, ọjọ́ kan á di sísùn mọ́jú. Kí ọmọ tó padà sílé pátápátá, ẹ bá òbí àti wẹ́fíà sọ ọ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ máa lọ kí i.