Bí ẹ ṣe lè yan ìwé ìmọ̀ tí ọmọ yín ò ní jù síbi kan

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó máa ń sọ pé "ọmọ tèmi ò fẹ́ràn ìwé rárá o," ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi ná, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sọ ọ́ fún tíṣà, mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo tún sọ ọ́ lójú ọmọ náà gan-an, ó ń dùn mí títí dòní. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà yẹn. Ìwé ìtàn kún inú báàgì ẹ̀, ti ìjàpá, ti ọmọ ọba, ti ajá tó ń sọ̀rọ̀, kì í ka ọ̀kan kọjá ojú ewé kejì. Àfìgbà tá a wọ dánfó láti Ọ̀wọ́rọ̀ lọ sí Ọbáléńdé lọ́jọ́ kan, gósílò mú wa lórí Third Mainland, ló bá wo ìta, ó ní, "Mọ́mì, báwo ni wọ́n ṣe ri àwọn òpó yìí mọ́lẹ̀ nígbà tí omi wà níbẹ̀? Ta ló bá wọn dá omi dúró?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Bírííjì yẹn lé ní kìlómítà 11, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ yẹn ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé nǹkan tó wà lóòótọ́ ni ọmọ yìí ń wá, èmi ń kó ìtàn àròsọ fún un.

Ìwé ìmọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìwé iléèwé o, ẹ má lọ ra èyí tó ní ìbéèrè ìdánwò lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ̀bùn ni. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹranko, ara èèyàn, ọkọ̀, òṣùpá, ìtàn ìlú, bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì, irú ẹ̀ ni mò ń wí.

Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà rárá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ ìbéèrè ọmọ yín. Ẹ má dáhùn pẹ̀lú "dákẹ́ jàre," ẹ ṣáà máa kọ ọ́ sínú fóònù. Nínú tèmi mo rí: kí ló dé tí omi òkun fi níyọ̀, kí ló dé tí ẹ̀fọn ń kùn sétí, ṣé Ẹ̀yọ̀ ń mí dáadáa nínú aṣọ yẹn (Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá ẹ̀ ti wá, ó ti rí Ẹ̀yọ̀ nínú fídíò), báwo ni wọ́n ṣe ri òpó bírííjì. Ìbéèrè mẹ́rin yẹn ló sọ ìwé tí mo máa rà fún mi. Kì í ṣe "ìwé tó dáa fún ọmọ ọdún 8" lẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á o, ẹ ní "ẹ bá mi wá ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò," ẹ máa rí i pé ọwọ́ ẹ̀ á yá.

Ní ti ibi rírà, ẹni tó lówó lè lọ Bookshop House ní Broad Street, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé tún wà ní Ìkòyí àti Victoria Island, ìwé tuntun ni wọ́n ń tà. Èmi àlòkù ni mò ń rà jù, ní Yábàá àti Ojúẹlẹ́gba, àwọn tó ń to ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ máa ṣà á. Ìwé ìmọ̀ tó dáa gan-an wà níbẹ̀, fọ́tò kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ la ojú yín.

Mo ra ìwé ńlá kan nípa ìràwọ̀ àti òṣùpá rí, ó ń dán, páálí ni ẹ̀yìn ẹ̀, inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ mi kà á, ó lọ sọ fún tíṣà ní kíláàsì pé plánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló ń yí oòrùn po, tíṣà ní mẹ́jọ ni, ọmọ mi ní irọ́ ni, pé mẹ́sàn-án ni ìwé òun sọ. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sunkún wálé. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n máa ń kọ ọdún sí wínníwínní, 1994 ni mo rí. Ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yọ Pluto kúrò lára àwọn plánẹ́ẹ̀tì ńláńlá. Ọmọ mi ò jẹ̀bi, èmi tí mo ra ìwé ni mo jẹ̀bi, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Látìgbà yẹn, nǹkan tí mo kọ́kọ́ ń ṣí nìyẹn, ojú ewé ọdún. Tí wọ́n bá ti ya á, ẹ fi nǹkan mìíràn dán an wò. Tó bá jẹ́ ìwé ìràwọ̀, ẹ wá Pluto. Tó bá jẹ́ ti Áfíríkà, ẹ wo máàpù, ṣé South Sudan wà níbẹ̀, torí ọdún 2011 ló di orílẹ̀-èdè. Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ ka ìpínlẹ̀, 36 ló yẹ kó pé láti 1996, tí ìwé náà bá sì ṣì ń pe Èkó ní olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, ó ti ṣáájú December 1991 nìyẹn, ẹ dá a padà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọdún nìkan dẹ́rù bà yín, ìwé àtijọ́ tó sọ̀rọ̀ nípa egungun ara ṣì ń wúlò, egungun àgbàlagbà ṣì jẹ́ 206.

Ẹ tún ṣí àárín ìwé àlòkù dáadáa, ibẹ̀ ni ojú ewé ti máa ń já, ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà, èyí tí òjò ti pa máa ń hu funfun láàárín oṣù kan.

Ó kan fọ́tò wàyí, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Fọ́tò tó kàn rẹwà ò tó. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kékeré wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń sọ nǹkan tí ojú ò lè rí fúnra ẹ̀. Ìwé kòkòrò tá a rà, wọ́n ya orí ẹ̀fọn gba odindi ojú ewé kan, ojú ẹ̀ rí bí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ẹnu ẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ aránṣọ, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé ló ṣe ń wá a, pé akọ ò ń jẹni, oje òdòdó ló ń mu. Kùnkùn tá à ń gbọ́ sì rèé, ìyẹ́ ẹ̀ tó ń gbọ̀n ni. Ọmọ tí mo máa ń bá jà kó tó wọ inú nẹ́ẹ̀tì, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, ó ní "Mọ́mì, ìyá wọn ló ń bọ̀ o." Ojú ewé kan péré ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ọmọ náà dání lọ rà á, ẹ má fi ṣe sọ̀pọ́ráìsì. Ẹ ní kó ṣí àárín ìwé, kó ka ojú ewé kan sókè sí yín létí. Ọ̀rọ̀ tí ò bá mọ̀, kó ká ìka kan. Tó bá ká ìka márààrún kó tó parí ojú ewé yẹn, ìwé náà ṣì le fún un láti dá kà. Kò ní kẹ́ ẹ má rà á tí fọ́tò ẹ̀ bá dáa tí ojú ọmọ náà sì ń tàn, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ̀yin mejèèjì lẹ máa jọ kà á. Ẹ túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún un bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọmọ tèmi mọ ikán àti ìyá ikán ní Yorùbá kó tó mọ̀ ọ́n lédè Òyìnbó.

Ìtàn ìlú ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù. Tí ìwé bá sọ pé Mungo Park ló "ṣàwárí" Odò Ọya, ẹ gbé e sílẹ̀, ọdún 1796 ni ọkùnrin yẹn dé etí odò náà, ó bá àwọn èèyàn tó ń pẹja tí wọ́n ń tukọ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ Ẹ̀yọ̀, ẹ wò ó bóyá ó pe akẹtẹ̀ ní akẹtẹ̀, ó pe ọ̀pá ọwọ́ wọn ní ọ̀páḿbàtà, àbí ó kàn kọ "masquerade" síbẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tí ò béèrè orúkọ nǹkan, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ wa nípa ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ìwé ìmọ̀ ò nílò kéèyàn kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá èyí tó ní àkójọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, tó tò ó ní A, B, D, kí ọmọ lè wá "ejò" kó lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ má bi í ní ìbéèrè bíi tíṣà lẹ́yìn tó bá kà á tán, á sọ fún yín, ẹ̀yin gan-an á ní ó tó.

Tí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ mú un lọ wo nǹkan tó kà. Lẹ́yìn tá a ka ìwé ìtàn Nàìjíríà, mo mú tèmi lọ mùsíọ́ọ̀mù ní Onikan, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí nínú ẹ̀ ní 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta ṣì wà lára ẹ̀. Ó dúró tì í pẹ́, kò sọ̀rọ̀. A ti dé Surulere kó tó bi mí pé, "Mọ́mì, ẹni tó ń wa mọ́tò yẹn ńkọ́?" Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ síbẹ̀.