Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ti tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ yín
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ ní kíláàsì ní kùtùkùtù, ẹ máa di oúnjẹ àárọ̀ yín sínú báàgì lálẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹni tó jí nígbà tó ku ìṣẹ́jú 30 kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ṣé ó máa dáná ni? Kò jọ ọ́. Àmọ́ tí búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ẹ̀pà bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín, ẹ lè jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ má yọ ẹ̀pà kúrò níbẹ̀ o. Búrẹ́dì funfun àti tíì oníṣúgà nìkan máa ń tètè dà nínú ikùn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè kíákíá, kó sì tún já wálẹ̀, kí oorun wá máa kùn yín níbi tí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé ohun tó le jù. Púrótéènì àti ọ̀rá inú ẹ̀pà ló ń jẹ́ kí ṣúgà náà rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ nìkan sì ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára ara nígbà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. (Kọfí lásán kì í ṣe oúnjẹ, ó kàn ń bo ebi mọ́lẹ̀ ni.) Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ nìyí: bí kò bá sí fíríìjì, ẹ má se ẹyin tàbí kẹ́ ẹ po mílíìkì sílẹ̀ di àárọ̀. Tó bá ti lé ní wákàtí 2 níta, kòkòrò àìsàn lè ti máa pọ̀ nínú rẹ̀.