Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ Surströmming Kó sì Dùn Mọ́ Yín Lẹ́nu

Ẹ má jẹ surströmming, ẹja kíkan inú agolo tí àwọn ará Swídìn ń jẹ, látinú agolo rẹ̀ ní tààrà. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu mi, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn fídíò tí ẹ ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ki odindi ẹja bọ ẹnu, tí wọ́n sì ń bì í padà, ẹ̀tàn ni. Kò sí ọmọ bíbí Norrland, níhà àríwá Swídìn, tó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bu irú woro ní ṣíbí kan, tó jẹ ẹ́ lásán láìsí ọbẹ̀, láìsí ata, ṣé ó lè wá sọ fáyé pé oúnjẹ Yorùbá ò ṣe é jẹ? Inú máa ń bí mi sí i, torí oúnjẹ ẹni ni iyì ẹni.

Örnsköldsvik, ìlú kan ní etíkun Norrland, ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ló kọ́ mi ní jíjẹ ẹja yìí. Ọmọ apẹja ni ìyá náà, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹja ṣeré rárá. Bó ṣe kọ́ mi ni mo ṣe fẹ́ kọ́ yín.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ. Strömming ni wọ́n ń pe ẹja náà, ìbátan ṣawá ni, àmọ́ tinú Òkun Baltic kéré. Nígbà tí òtútù bá ti ń lọ, kí ẹja tó yé ẹyin, ni wọ́n ń pa á. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè fà jáde, wọ́n á gé orí, wọ́n á fa ìfun yọ, wọ́n á sì fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ sínú. Lẹ́yìn náà ó di inú àgbá, nínú omi iyọ̀ tí ò le tó ti àkọ́kọ́. Iyọ̀ yìí tó láti má ṣe jẹ́ kí ẹja jẹrà, kò sì pọ̀ débi tó fi máa pa àwọn bakitéríà tó fẹ́ràn iyọ̀. Àwọn yẹn ló ń mú kó kan, fún nǹkan bí oṣù kan sí méjì. Láyé àtijọ́, iyọ̀ wọ́n gan-an fún àwọn ará etíkun yìí, ìwọ̀nba tí wọ́n rí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja kó lè gbé wọn la ìgbà òtútù já.

Wọn kì í sè é kí wọ́n tó dé e mọ́nú agolo, nítorí náà ó ṣì ń kan lọ níbẹ̀. Gáàsì á máa kún inú, agolo á sì wú lókè àti nísàlẹ̀. Ti ẹja yìí nìkan ni mo ń sọ o! Agolo tòmátò tàbí ti sadín tó bá wú nílé yín, ẹ sọ ọ́ nù, májèlé ni.

Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù kẹjọ ni tuntun máa ń jáde. Òfin ìjọba ló fi ìgbà títà rẹ̀ lélẹ̀ nígbà kan rí. Wọ́n ti fagi lé òfin náà ní 1998, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yẹ ọjọ́ náà. Tí ẹ bá ti rà á, inú fìríìjì ni kó wà. Ní Trysil, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, àwọn kan gbàgbé agolo kan sábẹ́ òrùlé ilé ìsinmi wọn fún ọdún 25, ó wú títí tó fi ń ti òrùlé sókè. Ẹ má sì gbé e wọ bàálù. Air France àti British Airways ti fòfin dè é láti 2006. Àbúrò mi ní Ìbàdàn bẹ̀ mí títí pé kí n gbé ọ̀kan bọ̀ fóun, mo ní kó wá jẹ ẹ́ níbí.

Ẹ tọ́jú ohun gbogbo sórí tábìlì kí ẹ tó fọwọ́ kan agolo. Ẹ bọ pòtétò pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Mandelpotatis, èyí tó kéré, tó gùn díẹ̀, tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ló dára jù. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Ẹ wá tunnbröd, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sì tinrín, èyí tó rọ̀ wà, èyí tó gbẹ wà. Bọ́tà ò gbọ́dọ̀ wọ́n lórí tábìlì. Àwọn kan ń fi gräddfil sí i, ìyẹn wàrà kíkan tó ki. Ìyá tó kọ́ mi ò fẹ́ rí i, ó ní àwọn ará gúúsù ló kó ìyẹn dé. Èmi máa ń gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ó ń rọ iyọ̀ lójú.

Ó wá ku ṣíṣí. Ìta gbangba ni o. Ní 1981, ní Jámánì, onílé kan lé ayálégbé rẹ̀ jáde nítorí pé ó da omi ẹja yìí sórí àtẹ̀gùn ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n ṣí agolo kan níbẹ̀, adájọ́ sì dá onílé láre.

Ẹ bu omi kún korobá. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kó má baà gbé òórùn lọ sójú fèrèsé ẹlòmíràn. Ìyá náà á ri agolo sínú omi, á dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dúró díẹ̀ kí gáàsì inú rẹ̀ lè gun òkè. Ibi tó ga jù yẹn gan-an ló máa ń ti ọ̀pínà bọ̀. Omi á hó yaya, á rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbé agolo jáde, tó da omi inú rẹ̀ nù, tó wá ṣí i tán. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ti fínígà. Ẹ rìn sẹ́yìn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ fi ọ̀bẹ la ikùn ẹja, ẹ yọ ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má dà á nù, àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fa eegun ẹ̀yìn láti ọ̀nà ìrù, yóò bá yín wá lódindi. Ẹ bó awọ rẹ̀. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ẹ wá fi bọ́tà kun tunnbröd dé etí. Ẹ to pòtétò tí ẹ ti bó, tí ẹ sì ti gé, lé e lórí, ẹ wọ́n àlùbọ́sà sí i, kí ẹ tó wá já ẹja sí kéékèèké láàárín wọn. Ẹja kan tó fún búrẹ́dì kan níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi ọwọ́ gbé e jẹ. Klämma ni wọ́n ń pe búrẹ́dì tí a ṣẹ́ po bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló máa kọ́kọ́ kàn yín lẹ́nu, ìkan á tẹ̀ lé e, adùn kan á sì wá láti ẹ̀yìn, irú èyí tó máa ń mú èèyàn na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì láìrò ó. Bíà àti ọtí líle ni wọ́n ń mu sí i. Wàrà tútù ni èmi ń mu, àwọn àgbà kan níbí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó jẹ díẹ̀ níbẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọdé, àtàwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ tàbí tó ṣì fẹ́ bí, kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ lọ́dún. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Swídìn, Livsmedelsverket, ló fún wọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí dioxin àti PCB, àwọn kẹ́míkà olóró, tó wà nínú ẹja ọlọ́ràá ti Òkun Baltic.

Tí ẹja bá ṣẹ́kù, inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le dan-in ni kẹ́ ẹ kó o sí, nínú fìríìjì, kẹ́ ẹ sì tètè jẹ ẹ́ tán. Omi korobá, ẹ lọ dà á síbi tó jìnnà sílé kí eṣinṣin má baà bò yín. Ẹ ṣan agolo náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ọjọ́ tí wọ́n bá máa kó ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ tó gbé e síta.