Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Wa Bá Pàdé Àwọn Olówó

Tí ẹ bá gba Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ kọjá ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí Champions League bá ń lọ, kò dìgbà tí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ariwo á ti sọ fún yín látòde. Arsenal, Chelsea, Manchester United àti Real Madrid ló ni èrò jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kò kàn wọ́n. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó tẹ̀lé ọmọ Nàìjíríà dé ẹgbẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó, tí wọ́n sì wá jókòó síbẹ̀: ẹni tó di ará Rangers ti Scotland nítorí Joe Aribo àti Calvin Bassey, ẹni tó ti ń ṣe Celtic, tí òun náà wà ní Scotland, látìgbà Efe Ambrose, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí Finidi àti Kanu sọ di ọmọ Ajax ní 1995 tí wọn ò sì padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ wọn ò lábùlà. Ìrètí wọn ni kò níwọ̀n. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àṣìṣe kan náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń bínú lọ sílé.

Ẹ má sọ alẹ́ kan di gbèsè

Èyí ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀: ká mú alẹ́ kan tó dùn, ká sọ ọ́ di gbèsè tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa san lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú Rangers. Ní 2012, ọ̀ràn gbèsè gbé wọn ṣubú débi pé ìpele kẹrin ní Scotland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n wà ní Seville nílẹ̀ Sípéènì fún àṣekágbá Europa League. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti lọ na Dortmund ní ayò mẹ́rin sí méjì nílé wọn ní Jámánì, wọ́n sì ti lé Leipzig náà lọ sílé. Aribo tiwa yìí ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Eintracht Frankfurt dá a padà, ó di ọ̀mì ọ̀kan sí ọ̀kan, pẹnáritì ló wá parí ẹ̀ ní márùn-ún sí mẹ́rin fún Frankfurt. Ẹnì kan ṣoṣo, Aaron Ramsey ti Rangers, ni kò rí tiẹ̀ gbá wọlé.

Ó dùn wá, ṣùgbọ́n orí wa wú. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ tí Rangers tún fẹ̀yìn PSV gbálẹ̀ láti wọ Champions League, ẹnu wa ò dákẹ́ mọ́. Wọ́n ti dé àṣekágbá, kí ló kù tí wọn ò lè ṣe? Ajax, Napoli àti Liverpool ni wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́. Ìdíje mẹ́fà, wọn ò rí àmì kan ṣoṣo. Ayò méjì ni wọ́n jẹ, méjìlélógún ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù jẹ sáwọ̀n wọn. Kò sí ẹgbẹ́ tó ti fi irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìpín-ìpín Champions League rí. Kóòṣì tó gbé wọn dé Seville ní oṣù Karùn-ún, Giovanni van Bronckhorst, oṣù Kọkànlá ni wọ́n lé e.

Ṣé alẹ́ Seville parọ́ ni? Rárá. Ìdíje ọ̀tọ̀ ni. Nínú Europa League, ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ máa bá pàdé ni owó yín ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Tó bá di ìpele tí wọ́n ti ń lé ara wọn jáde, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gbá, ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn odi, àwọn èrò Ibrox, pápá Rangers, tó ń hó bí òkun á sì bá yín gbá ọ̀kan nínú ẹ̀. Ní ti owó, Champions League ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá retí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí á ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ti mú òṣùwọ̀n ẹlẹ́mu lọ wọn epo pupa.

Ẹ wo bẹ́ǹṣì kí ẹ tó sọ̀rọ̀

Mọ́kànlá sí mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n gbàgbé bẹ́ǹṣì, ibi tí àwọn adípò jókòó sí.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2022, Liverpool wá sí Ibrox. Scott Arfield jẹ ayò fún Rangers kí ìdajì wákàtí tó pé. Firmino dá a padà, wọ́n sì lọ sinmi ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Nílé ìwòran tí mo wà ní Ifẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Great Ifẹ̀ kan tó wọ aṣọ búlúù ti gorí ìjókòó, ó ń na ìka sí àwọn ará Liverpool pé kí wọ́n má pe àwọn ní kékeré mọ́ láéláé. Bàbá kan tó máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tó jókòó sẹ́yìn tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, ta ni tiyín tó wà lórí bẹ́ǹṣì?" Ọmọ náà ò dáhùn. Kò tiẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìdáhùn dé ní ìdajì kejì. Lẹ́yìn tí Liverpool ti gba iwájú, Mohamed Salah bọ́ aṣọ òtútù, ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì. Diogo Jota, tí òun náà wọlé láti orí bẹ́ǹṣì kan náà, ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún un. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, Salah ti jẹ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ rí nínú Champions League. Méje sí ọ̀kan ló parí sí.

Níbẹ̀ ni owó ti ń fara hàn. Nígbà tí ìṣẹ́jú ọgọ́ta bá kọjá, tí itan bá ti ń wúwo, olówó á gbé ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ́ yòówù ní Yúróòpù wọlé, tiyín á sì gbé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tàbí bàbá ọlọ́mọ tó ń múra àtifẹ̀yìntì. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹgbẹ́ yín lè dúró, ẹ wo orúkọ àwọn tó jókòó, kẹ́ ẹ tó wo ti àwọn tó dúró.

Àwọn iye kan wà tó yẹ ká máa rántí. Real Madrid ló kọ́kọ́ rí owó tó ju bílíọ̀nù kan yúrò lọ láàárín sáà kan, ìyẹn ní 2023/24. Ní England, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn pátápátá nínú Premier League, tó ń sunkún lọ sí ìsàlẹ̀, á ṣì gba ohun tó ju 100 mílíọ̀nù pọ́ùn lọ nínú owó líìgì ọdún náà. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ méjìlá tó wà ní líìgì àgbà Scotland ń pín láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé líìgì wọn sáfẹ́fẹ́ kò tó ìdajì ìyẹn.

Ẹ yé gégùn-ún fún ẹgbẹ́ tó ta agbábọ́ọ̀lù

Oṣù méjì lẹ́yìn Seville, Aribo ti lọ sí Southampton, Bassey ti lọ sí Ajax. Ẹ wo èébú! Wọ́n ní oníwọra ni àwọn aláṣẹ Rangers, wọ́n ní wọn ò fẹ́ ká jẹun kánú. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló kù lórí ìwé àdéhùn Aribo. Látìgbà ìdájọ́ Bosman ní 1995, agbábọ́ọ̀lù tí ìwé rẹ̀ bá tán lè gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, kí ó máa lọ, ẹgbẹ́ ò ní rí kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá tà lónìí, ọ̀fẹ́ ló máa yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́la. Bassey ní tiẹ̀, owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n fi mú un lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Leicester ní 2020, bí 20 mílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n sì tà á. Ọjà tó dáa nìyẹn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé Ajax tó rà á gan-an ló kọ́kọ́ fi ayò mẹ́rin sí òdo kí wọn káàbọ̀ sí Champions League.

Ajax náà ti jẹ nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Milan ní 1995, tí Finidi wà nínú ẹ̀, tí Kanu wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ọdún méjì ò pé tí wọ́n fi tú ká: Seedorf lọ, Davids lọ, Kanu lọ sí Inter, Finidi lọ sí Betis. Ní 2019, wọ́n lọ na Real Madrid ní mẹ́rin sí ọ̀kan nílé wọn, ó ku ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n wọ àṣekágbá, Lucas Moura ti Tottenham ló já a gbà. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, de Jong ti wà ní Barcelona, de Ligt ti wà ní Juventus, 75 mílíọ̀nù yúrò lórí olúkúlùkù.

Ẹ lè bínú, àmọ́ ẹ béèrè ìbéèrè tó yẹ: ta ni wọ́n fi rọ́pò? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rò pé Rangers kùnà ní 2022. Títà ò burú, owó tí wọ́n rí ni wọn ò fi ra ẹni tó tó ẹni.

Ẹ má fi Leicester búra

Ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́. "Leicester ńkọ́?" Leicester gba líìgì England ní 2016 lóòótọ́, àwọn onítẹ́tẹ́ sì ti fún wọn ní 5,000 sí ọ̀kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ní 2023, tí Ndidi àti Iheanacho ṣì wà níbẹ̀, wọ́n já sí ìsàlẹ̀. Ìdí tí a fi ń rántí ẹ̀ títí dòní ni pé kì í ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe tó kọjú sí èyí

Àwọn kan wà tí ẹ̀rí-ọkàn wọn ti sùn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, "a ò lówó" ni. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Celtic pàdé Kairat Almaty láti Kazakhstan, kí ẹni tó bá yege wọ Champions League. Ìdíje méjèèjì, òdo sí òdo. Pẹnáritì, Celtic gbá mẹ́ta dànù, wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ yẹn, Celtic ni olówó! Ẹ̀yin tí ẹ bínú, ẹ bínú dáadáa, ẹ ò jẹ̀bi.

Ẹ tún wo Bodø/Glimt. Bodø jẹ́ ìlú kan ní àríwá Norway níbi tí òtútù ti ń mú eegun, ó sì kéré sí Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Àwọn ni wọ́n fi ayò mẹ́fà sí ọ̀kan na Roma ti Mourinho ní 2021, tí wọ́n sì na Celtic nílé lóko ní 2022, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún sí ọ̀kan. Ní 2025 wọ́n lé Lazio jáde, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Europa League. Owó wo ni wọ́n fi ju Celtic lọ? Wọ́n mọ irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá ni, wọ́n sì ń wá ẹni tó bá a mu kiri. Nítorí náà, tí ẹgbẹ́ yín bá pàdánù sọ́wọ́ Bayern, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbá a. Tí wọ́n bá pàdánù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò ní tó tiyín, ẹ dìde, ẹ béèrè ìdí.

Ohun kan tilẹ̀ ń yà mí lẹ́nu. Àwa kan náà tí a mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba Champions League ti Áfíríkà látìgbà tí Enyimba ti gbà á ní 2003 àti 2004, tí a sì mọ̀ pé owó Al Ahly ti Íjíbítì wà lára ohun tó fà á, àwa náà la máa ń retí pé kí Rangers gbé Liverpool mì bí òkèlè.

Ẹ má lé kóòṣì ní ọjọ́ kejì

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, Dortmund fi méje sí ọ̀kan na Celtic. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò ní Mayfair ní Ifẹ̀, wọ́n ti lé Brendan Rodgers, kóòṣì Celtic, wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe Mayfair ló ni Celtic. Ìdíje tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ gbá ọ̀mì òdo sí òdo nílé Atalanta, ẹgbẹ́ tí Ademola Lookman wà nígbà náà, tó gba Europa League ní oṣù márùn-ún ṣáájú. Wọ́n na Leipzig ní mẹ́ta sí ọ̀kan. Nígbà tí ìdíje mẹ́jọ parí, àmì 12 ni wọ́n ní, ipò 21, wọ́n sì wà lára àwọn 24 tó tẹ̀ síwájú. Bayern ló wá lé wọn jáde, mẹ́ta sí méjì ní àpapọ̀. Ayò tó sì parí ẹ̀, ìṣẹ́jú tí rẹfirí fi kún àádọ́rùn-ún ní Munich ni Alphonso Davies tó rí i jẹ.

Ẹ wo ibi tí àmì 12 yẹn ti wá. Slovan Bratislava àti Young Boys wá sí Glasgow, Celtic nà wọ́n: mẹ́fà. Leipzig: mẹ́ta. Ọ̀mì mẹ́ta, méjì lẹ́yìn odi, ní Bergamo tí Atalanta wà àti ní Zagreb, ọ̀kan nílé pẹ̀lú Club Brugge: mẹ́ta. Dortmund àti Aston Villa: òdo. Bí ìṣirò ẹgbẹ́ tí kò lówó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí wọ́n bá ti pín ẹni tí ẹgbẹ́ yín máa bá gbá, ẹ mú bírò. Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ nà, ẹ kọ wọ́n sí apá kan. Àwọn tí ọ̀mì bá tó pẹ̀lú wọn, ẹ kọ wọ́n sí ìkejì. Àwọn tó jẹ́ pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí lọ́wọ́ wọn, èrè ni, ẹ kọ wọ́n sí ìkẹta. Apá àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi dá kóòṣì lẹ́jọ́.

Tẹ́tẹ́ ló kù, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ lé Rangers lórí ní alẹ́ Liverpool yẹn, torí pé ìlọ́po rẹ̀ ga. Ó ga torí pé onítẹ́tẹ́ ti wo bẹ́ǹṣì méjèèjì kí tiwọn tó yọ fóònù. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ta tẹ́tẹ́, ẹ wá ìdíje tí kò kàn yín rárá, ẹgbẹ́ méjì tẹ́ ẹ ò fẹ́ràn, tẹ́ ẹ ò sì kórìíra. Ẹ yọ ẹgbẹ́ yín kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì.