Ẹsẹ̀ tó ń ta, fítámì B6, àti owó tí láàbù jẹ mí

Ẹ jọ̀ọ́, inú ṣì ń bí mi o. Owó tí mo ná lórí ẹsẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa.

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ń ta mí, tó bá dalẹ́ á máa jó mi, nígbà tó yá bí sálúbàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi mi ò ní mọ̀. Wọ́n yẹ ṣúgà, HIV, àti táyírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn wò, kò sí nǹkan kan. Fítámì B12 nìkan ló ga nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ni wọ́n bá ní ká yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ẹ̀dọ̀ náà dáa. Ìgbà yẹn ni dókítà iṣan ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò fítámì B6, pé tóun náà bá pọ̀ jù lára, ó máa ń ba iṣan téèyàn fi ń mọ nǹkan lára jẹ́.

Wàhálà dé. Gbogbo láàbù tí mo dé l'Ábújá, òkè òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Ó dáa, mo sanwó. Mo bá ń pè wọ́n, mò ń pè wọ́n, ọmọkùnrin tó wà ní kántà á ní "Hajiya, sai gobe", pé ó di ọ̀la, èmi tí mi ò dé Mẹ́kà rí. Èsì máa dé, B12 ni wọ́n tún lọ ṣe! Mo pariwo débi pé sìkiọ́rítì wọlé. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fa òmíràn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ń jágbe mọ́ wọn pé ẹ̀jẹ̀ B6 kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n fi fọ́ìlì wé e. Àṣé bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe B6 tẹ́lẹ̀, ìranù ni ì bá jẹ́. Wọ́n tún fẹ́ gbowó, mo ní láéláé, mi ò sì san kọ́bọ̀.

B6 ga gan-an. Mo ní mi ò lo fítámì kankan, dókítà ní kí n da báàgì mi sílẹ̀. Magnesium tí mò ń lò fún pajápajá, B6 wà nínú ẹ̀. Ẹ́nájì dírìǹkì tí mo fi ń ránṣọ mọ́jú, ó wà níbẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni oògùn tí kílíníìkì àkọ́kọ́ kọ fún mi nítorí ẹsẹ̀ tó ń ta yìí gan-an: 200 mg B6 nínú hóró kan, pẹ̀lú B12! Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 1.3 mg ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sì sọ ní 2023 pé kéèyàn má kọjá 12 mg.

Mo da gbogbo ẹ̀ nù. Ó kọ́kọ́ le sí i, dókítà ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí mo ti ń mọ pẹ́dààlì máṣíìnì lábẹ́ ẹsẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò B6, ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín lọ bá dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, kẹ́ẹ sì rí i pé B6 ni wọ́n kọ sí rìsíìtì.