Bí Òbí Ṣe Lè Yẹ Jẹ́lé-ó-sinmi Ìjọba Wò ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìbàdàn kì í ka jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba mọ́ ibi tí àwọn lè mú ọmọ lọ, nítorí wọ́n ti gbà pé ibi tí kò gba owó gọbọi kò lè ní ẹ̀kọ́ gidi. Bẹ́ẹ̀, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba fi ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké nínú ọgbà wọn. Ohun tí ojú yín bá rí nínú kíláàsì náà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìdíwọ̀n, kì í ṣe àwọ̀ ògiri, kì í sì í ṣe ohun tí aládùúgbò wí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ọmọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún lo ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi kí ó tó wọ kíláàsì kìíní ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àmọ́ àwọn ilé-ìwé mìíràn a máa gba ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Nígbà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, wọn a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àtàrí kí ó fi kan etí òsì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì kàn án, ó di ọdún tí ń bọ̀. Lóde òní, ìwé ẹ̀rí ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ wá sílẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà sáà kẹta ni ó yẹ kí ẹ lọ wo ilé-ìwé. Ẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ́fíìsì, kí ẹ sì tọrọ àyè láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15. Ẹ ka iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ 25 sí olùkọ́ kan ni ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ wí. Mo ti jókòó rí nínú kíláàsì kan, n kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ lé ní 60, tí olùkọ́ kan ṣoṣo sì ń pariwo pé “ẹ jókòó, ẹ pa ẹnu mọ́” títí mo fi dìde. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ṣe pẹ̀lú. Orin, àtẹ́wọ́, àlọ́, amọ̀ mímọ, ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ sì wúlò ju àga gíga tí ẹsẹ̀ ọmọ ń mì dirodiro lórí rẹ̀ lọ.

Ẹ má ì tíì dìde títí ọmọ kan yóò fi sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ta ni ó dá a lóhùn? Ṣé ẹnì kan fà á lọ́wọ́ lọ ni, àbí wọ́n kàn ní kí ó lọ sẹ́yìn ilé? Ẹ rọra tẹ̀lé wọn. Ẹ wò ó bóyá ihò ṣáláńgá náà kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọ kékeré lè dúró lé láìséwu, bóyá omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, bóyá ọṣẹ wà, àti bóyá ẹnikẹ́ni rántí pé kí ọmọ náà fọ ọwọ́ kí ó tó padà sídìí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, ó gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ní tèmi, bí ibí yìí kò bá dára, n kò ní béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ní ti èdè, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ bi olùkọ́ léèrè ohun tí òun ń ṣe gan-an. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá nínú kíláàsì. Ìdánwò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé fún olùkọ́ pé inú ń run òun, ara rẹ̀ yóò tètè balẹ̀.

Bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀fẹ́, owó díẹ̀ yóò jáde: yunifọ́ọ̀mù, bàtà, ìwé, àti owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n torí ẹ̀ dá ètò oúnjẹ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2016 sílẹ̀, nítorí náà ẹ ṣírò oúnjẹ ọmọ mọ́ ìnáwó yín. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń jáde pẹ̀lú, nítorí ìyá tí ó ń tajà ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó bá rántí Omíyalé tí odò Ògùnpa fà ní ọdún 1980, tàbí àgbàrá oṣù kẹjọ ọdún 2011, yóò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ilé, kí ẹ wo gọ́tà tí kò ní ìdérí àti ibi tí ọmọ yóò ti sọdá títì láàárín àwọn takisí Máíkírà.

Bí ọkàn yín bá gbà á, tí ẹ sì forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì péré tí ó lè wá mú ọmọ náà lọ sílé sílẹ̀ fún olùkọ́, kí ẹ sì mú àwọn méjèèjì lọ kí olùkọ́ mọ ojú wọn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.