Rédíò tí kò gbọ́ràn ló sọ ọjọ́ méjì wa di mẹ́ta lórí odò Mississippi

Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin tó yá wa lọ́kọ̀ sọ pé ó máa gbà wá láti La Crosse dé Dubuque. Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Dọ́là 380 ló gbà lọ́wọ́ wa lórí ọjọ́ kẹta yẹn, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ohun tó dá wa dúró, ọwọ́ òun gan-an ló ti wá.

Àwa márùn-ún la jọ lọ, ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà náà tó bíi máìlì 118, láti Wisconsin bọ́ sí Iowa, ọkọ̀ wa ò sì lè sáré ju máìlì mẹ́jọ lọ ní wákàtí kan. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹrù dídì tàbí ẹ̀wù ìléfòó, ẹni tó bá ń lọ sórí odò mọ ìyẹn. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nípa wíwa ọkọ̀ níbẹ̀: tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò, àwọn àmì pupa tó ń léfòó á wà lápá òsì yín, àwọn aláwọ̀ ewé á wà lápá ọ̀tún. Ẹ má gé ọ̀nà gba ẹ̀yìn wọn o. Wọ́n ti to òkúta láti etí odò wọ inú omi kí omi lè máa ṣàn gba àárín, abẹ́ omi ló sì wà. Ìgbà tó bá gbá ẹ́ńjìnnì yín lẹ máa mọ̀.

Láti 1930 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án máa wà fún ọkọ̀ akẹ́rù, dáàmù ni wọ́n fi sọ apá òkè odò náà di àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá dáàmù gbọ́dọ̀ gba inú lock, ìyẹn yàrá kọnkéré tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, omi lọ sílẹ̀, wọ́n ṣí ti iwájú, ó parí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Mẹ́rin ló wà lọ́nà wa, nọ́ńbà 8 sí 11.

Ọjọ́ kìíní dùn. Ní nọ́ńbà 8 ní Genoa àti nọ́ńbà 9 ní Lynxville, àwọn ọkọ̀ míì wà níwájú wa, iná aláwọ̀ ewé tàn, a tẹ̀ lé wọn wọlé. Orí iyanrìn erékùṣù kan la sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a dé ibi tí odò Wisconsin ti ń wọ Mississippi, níbi tí Marquette àti Jolliet, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, gbà jáde sórí odò ńlá náà lọ́dún 1673. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní ká pa ẹ́ńjìnnì. Omi ń gbé wa lọ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, mi ò lè fi owó kankan pààrọ̀ rẹ̀.

Aago mọ́kànlá la dé nọ́ńbà 10 ní Guttenberg. Iná pupa. Báàjì 15, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ló ń gòkè bọ̀, wọ́n so wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 195, yàrá yẹn ò sì ju 600 lọ, torí náà wọ́n ní láti tú wọn sí méjì. Mẹ́sàn-án kọ́kọ́ gòkè, wọ́n tún fa omi sílẹ̀, kí mẹ́fà tó kù àti ọkọ̀ tó ń tì wọ́n tó wọlé. Wákàtí kan àbọ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

A rò pé ó kàn wá. Òmíràn yọ lẹ́yìn wa, báàjì 15 lòun náà, iná aláwọ̀ ewé sì tàn fún un. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń ṣáájú, òfin ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bá wa sọ nǹkan kan. Oòrùn ń pa wá. A ò lè pa ẹ́ńjìnnì kí omi má bàa gbé wa lọ sídìí dáàmù, epo tá a rà sì ń jó dànù. Mo tẹ rédíò ọkọ̀ náà títí. Iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n kàn án mọ́, mo rí i pé ihò tó yẹ kí wáyà áńtẹ́nà wọ̀ ṣófo. Aláǹtakùn ti ta òwú sí i.

Ó ń lọ sí aago mẹ́ta kí bàbá òyìnbó kan tó wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ní, “Ṣé ẹ ti fa okùn?” Okùn wo? Ó nawọ́ sí orí ògiri gígùn tó wà lẹ́nu lock náà. Okùn kan rọ̀ síbẹ̀, pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á, aago á dún fáwọn òṣìṣẹ́ lock. A ti kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Bàbá náà fi rédíò tirẹ̀ pè wọ́n lórí ìkànnì 14, wọ́n ní àwọn rò pé ẹja là ń pa ni. Mi ò bá wọn jà, àwọn apẹja pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó gbé ọkọ̀ fún wa mọ̀ nípa okùn yẹn, kò sì sọ.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú la tó wọlé. Èmi ni mo wa ọkọ̀, kò sì ha ògiri níbì kankan. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ so okùn tí wọ́n jù sí wa mọ́ ọkọ̀, mo ké sí i pé kó dì í mú lásán ni. Omi ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n bá so pa mọ́ ògiri á rọ̀ síbẹ̀. Bàbá yẹn na àtàǹpàkò sí mi. Orí mi wú.

Ilẹ̀ á ti ṣú ká tó dé Dubuque, àdéhùn wa ò sì gbà ká rìn lóru, la bá sùn sí Guttenberg. Lọ́jọ́ kẹta, èmi fúnra mi ni mo fa okùn ní nọ́ńbà 11. Ogún ìṣẹ́jú péré la dúró.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yá ọkọ̀, ẹ fi rédíò rẹ̀ pe ẹnì kan kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì gbọ́ kó dá yín lóhùn. Iná tó ń tàn ò tó.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbé tírélà rẹ̀ dé Dubuque, mo fi ihò yẹn hàn án. Ó ní ẹni tó yá a ṣáájú wa ò ṣàròyé. Ó sì gba dọ́là 380 rẹ̀ pé. Lọ́dún tó ń bọ̀, láti Dubuque la máa bẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ti ra rédíò àfọwọ́mú tiwa sílẹ̀.